Iná Ọkọ̀ Kì í Mu Epo

Ṣọ́ọ̀bù Rewáyà,
Ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn,
Ìlaròó.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Bí ìwé yìí bá dé ọwọ́ rẹ, má kígbe pé kí ló ṣe Bàbá. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn. Ìyá rẹ wà dáadáa. Òun gan-an ló ní kí n jókòó kọ̀wé, ó ní ojú tí mo fi ń wo fóònù láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti sú òun. Mo fi ìwé náà rán awakọ̀ tó ń ná Ìlaròó sí Ayétòrò. Mo kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ rẹ ni kó fi lé, kì í ṣe ọwọ́ ọkọ rẹ, kì í sì í ṣe ọwọ́ bàbá ọkọ rẹ. Pàápàá jù lọ, kì í ṣe ọwọ́ bàbá ọkọ rẹ.

O mọ̀ pé èmi kì í kọ lẹ́tà. Láti ìgbà tí mo ti bí ọ, ohun tí mo ń fi bírò kọ kò ju orúkọ oníbàárà lára bátìrì lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù. Lọ́jọ́ tí o pè mí kẹ́yìn, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, mo sì pa á. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára, ọmọ mi. Èmi ni mi ò dára.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí kí ìmọ̀ràn tó bẹ̀rẹ̀. Mò ń jowú. Mò ń jowú Bàbá Kúnlé, àna mi, ẹni tó bí ọkọ tí o fẹ́. Ìyá rẹ ló kọ́kọ́ fẹnu kàn án. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá Àbẹ̀kẹ́, obìnrin tó ń jowú orogún ni mo mọ̀. Èmi ò tíì rí ọkùnrin tó ń jowú àna rẹ̀ rí o." Mo ní irọ́ ni. Ó ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ n dákẹ́." Kò sì dákẹ́.

Kúnlé ọkọ rẹ ńkọ́? Mi ò jowú Kúnlé. Ọkọ lásán ni. Ọmọ dáadáa ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ọ̀gbìn, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín púlọ́ọ̀gì àti fúùsì, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n. Kí Ọlọ́run bá mi dá a sí. Bàbá rẹ̀ ni mò ń bá wí.

O rántí bí a ṣe rí ọkọ̀ ìjàpá yẹn? Abẹ́ igi káṣú ló wà ní Àfọn, lẹ́yìn ilé olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, táyà rẹ̀ ti wọlẹ̀, adìẹ ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. O ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama nígbà náà. Ìwọ lo kó ẹyin náà jáde kí a tó fà á wá sí Ìlaròó. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ìsinmi tí a kò jọ wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi á na ọwọ́, ìwọ á fi sípánà sí i láìjẹ́ pé mo dárúkọ nọ́ńbà. Àwọn ará àdúgbò ní mo fẹ́ sọ ọmọbìnrin di ọkùnrin. Mo ní kí wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin tiwọn wá, ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ rí wáyà tó já. Kò sẹ́ni tó kó tirẹ̀ wá. Wáyà inú ọkọ̀ yẹn láti iwájú dé ẹ̀yìn, èmi àti ìwọ la fà á.

Nígbà tí o ń relé ọkọ, mi ò ní ohun mìíràn tó jọ mí lójú tí mo lè fi sìn ọ́. Mo gbé ọkọ̀ náà fún ọlọ́dà. Mo ní kó kùn ún ní àwọ̀ ojú sánmà, kó má fi ibì kankan sílẹ̀, kó tú àwọn bóòtù tí a ń fi sípánà dè níbi tí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, kó kun abẹ́ wọn pẹ̀lú. Ọlọ́dà ní, "Bàbá, ta ló ń wo abẹ́ bóòtù?" Mo ní àna mi lè wò ó. Fi ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí sọ́kàn, a óò padà sídìí rẹ̀.

Ó ṣe, Bàbá Kúnlé lọ sí Kútọnu, ó sì ra sẹ́ńsọ̀ kan bọ̀ fún ọ, èyí tí àwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní wáídíbáǹdì. Mo mọ̀ ọ́n. Kó má rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Imú ni. Wọ́n máa ń dè é mọ́ páìpù èéfín, á máa gbóòórùn ohun tó ń jáde, á wo bí ọ́síjìn tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, á sì sọ fún géèjì iwájú awakọ̀ bóyá epo ló pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ tàbí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ ju epo lọ. Ọkọ̀ àtijọ́ kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Etí la fi ń ṣe tirẹ̀. Etí mi.

Èmi tí mo fún ọ ní odidi ọkọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ mọ́. Sẹ́ńsọ̀ tí kò ju àtàǹpàkò lọ ni gbogbo ẹnu ń sọ. Ìyá rẹ pàápàá bi mí pé ṣé mo ti gbọ́ ohun tí àna wa ṣe. Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní, "Ó mà káre o." Mi ò jẹun dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà yẹn lo wá pè, tí o ròyìn. O ní láti ìgbà tí ẹ ti dè é, géèjì ń sọ pé epo kéré, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. O ní Bàbá Kúnlé yọ jẹ́ẹ̀tì inú kábúrétọ̀, ó fi èyí tí ihò rẹ̀ tóbi sí i kí epo lè máa wọlé dáadáa, géèjì ṣì ní epo kéré. Ó tún fi èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní báyìí, púlọ́ọ̀gì ti dúdú bí ìdí ìkòkò, ọkọ̀ ń wúkọ́, kò lè gun òkè, ó sì ń mu epo bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. O ní Bàbá Kúnlé ti ní ẹ́ńjìnnì náà gbó, pé inú rẹ̀ ti jẹ tán, pé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ òun máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òun máa fi òmíràn sí i, kí àwọn tó ń ra irin àlòkù wá gbé èyí lọ.

Ẹ́ńjìnnì èmi àti ìwọ ni wọ́n fẹ́ gbé fún onírin àlòkù.

O tún rẹ́rìn-ín, o ní àwọn àbúrò Kúnlé ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ pé òkú ọkọ̀ ni bàbá ìyàwó fi sin ọmọ rẹ̀. O ní Kúnlé dá wọn lóhùn pé ọkọ̀ yẹn ló gbé ìyàwó òun wá, ẹni tó bá bú u yóò fẹsẹ̀ rìn. Mo ṣe àdúrà fún un nínú ọkàn mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín tí o rín yẹn kì í ṣe ẹ̀rín. Mo mọ ẹ̀rín rẹ.

Lẹ́yìn náà lo sọ ọ̀rọ̀ méjì tí ìwọ kò kà sí. O ní, "Bàbá, ohun kan tó tún yà mí lẹ́nu, nírọ̀lẹ́ tá a bá tanná ọkọ̀, ọwọ́ géèjì á tún gòkè sí i, á ní epo ti kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." Mo bi ọ́ pé ṣé ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà. O ní rárá. O wá ní, "A sì ti yẹ màsì wò o, ó le dáadáa."

Màsì, Àbẹ̀kẹ́? Mo mọ̀ pé Ìpòbẹ́ ni Bàbá Kúnlé ti kọ́ṣẹ́, lápá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é lọ́hùn-ún. Kí òun máa pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ? Áàsì ni mo kọ́ ọ pé a ń pe ibi tí wáyà ti so mọ́ irin ara ọkọ̀. Kí o tó mọ bí a ṣe ń gún iyán lo ti mọ áàsì. O kò tíì pẹ́ nílé ọkọ, o ti gbàgbé orúkọ tí a ń pè é nílé wa. Ìgbà yẹn ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì bàjẹ́.

Bí o ṣe sọ ọ̀rọ̀ iná yẹn ni mo ti mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. O kò tíì mí tán. Iná ọkọ̀ kì í mu epo. Bí a bá tanná tí géèjì ní epo dín kù, tí ẹ́ńjìnnì kò sì yí ohùn padà, géèjì ló ń parọ́, ọ̀rọ̀ wáyà ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kábúrétọ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà, mo rí orí ọmọ tó wọ́, mo ń ṣọ́ ẹni tó pọ̀n ọ́n bóyá á wá bẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí Bàbá Kúnlé ṣì í débi tó ń lọ. Mo fẹ́ kó sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, kí n wá dé.

Mi ò tilẹ̀ lè dúró de Sátidé. Lánàá mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo wọkọ̀ lọ sí Ayétòrò. Mo wọ dàńṣíkí tuntun, aṣọ tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ lọ sídìí ọkọ̀, nítorí pé iṣẹ́ náà kò ní pẹ́. Mo kàn fẹ́ ha ibì kan, kí n nu ọwọ́, kí n wo ojú àna mi. Mo gun ọ̀kadà láti gáréèjì dé òdìkejì ilé yín, mo sì rí yín. Ọkọ̀ wà níta, ìdí rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Bàbá Kúnlé jókòó sórí táyà, ìwọ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwọ lò ń na sípánà sí i, bí o ti máa ń ṣe fún mi. Mo tún wò ó dáadáa. Òun ló ń na sípánà sí ọ. Ọwọ́ tìrẹ ló wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ó sọ nǹkan kan, o rẹ́rìn-ín débi pé orí rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀rín yẹn, ẹ̀rín ni.

Ọlọ́kadà ní, "Bàbá, ẹ ò ní sọ̀ ni?"

Mo ní kó yí padà.

Ó ní, "Ẹ ò sì tíì rí ẹni tẹ́ ẹ wá rí."

Mo ní mo ti rí i.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ pé kò sẹ́nì kankan nílé. Ó wo dàńṣíkí mi tí kò ní àbàwọ́n gíríìsì kankan. Ó gbé oúnjẹ wá. Lówùúrọ̀ yìí ló fi bébà síwájú mi.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn ni bàbá ń kọ sí ọmọ tó relé ọkọ, jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é.

Èkíní, yẹ ibi tí wọ́n de imú náà sí wò. Ibi tí páìpù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé ni kó wà, kí èéfín tó wọ sàlẹ́ńsà. Apá òkè páìpù ni kó wà, kí imú rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀ díẹ̀, nítorí pé tí páìpù bá tutù mọ́jú, omi máa ń wà nínú rẹ̀, omi yẹn kò sì gbọ́dọ̀ dúró sí i lẹ́nu. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ní kí n de fèrè tuntun mọ́ ọkọ̀ oníṣòwò kòkó kan. Mo kọ ẹnu fèrè sókè kí ohùn rẹ̀ lè rìn jìnnà. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, fèrè mu omi yó, ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ lójú ọjà, ó sì dún bí ewúrẹ́ tó kó sí kànga. Fèrè ni wọ́n ń pè mí títí mo fi ṣe fíríìdọ̀mù. Láti ìgbà náà, ohun tí omi lè bà jẹ́, mo máa ń dojú rẹ̀ kọlẹ̀. Ìwọ náà, ọmọ mi, nínú ilé tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, má gbé ẹnu sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ ọ. Ohun tó bá ń dùn ọ́, sọ ọ́ nílẹ̀, fún ẹni tó ni ín.

Èkejì, kò gbọ́dọ̀ sí ihò lára páìpù ṣáájú imú yẹn. Tí ihò bá wà, afẹ́fẹ́ ìta á gbabẹ̀ wọlé, imú á gbóòórùn rẹ̀, á rò pé láti inú ẹ́ńjìnnì ló ti wá, á sì máa ròyìn ohun tí kò sí. Nígbà tí ọkọ̀ bá ṣì tutù, fi àkísà dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀, kí o tẹ́tí. Ibi tó bá ń sọ ṣíì ni ihò wà. Ilé ọkọ náà ní afẹ́fẹ́ ìta tirẹ̀. Ẹni tó ń ti òde wá sọ fún ọ pé báyìí ni àna rẹ wí, báyìí ni àbúrò ọkọ rẹ wí, má fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọn ohun tó ń lọ nínú ilé rẹ. Kí n sọ òótọ́, èmi náà wà nínú wọn. Tí mo bá pè ọ́, tí mo ń bi ọ́ pé kí ni Bàbá Kúnlé jẹ, kí ló sọ, ṣé ó tún ra nǹkan mìíràn, afẹ́fẹ́ ìta ni mí lọ́jọ́ yẹn. Má dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n máa gbé fóònù.

Ẹ̀kẹta, tàbí ẹ̀kẹrin, mi ò ka nǹkan mọ́. Ọ̀rọ̀ iná rẹ̀. Imú yẹn kò lè gbóòórùn àfi tó bá gbóná, iná kan sì wà nínú rẹ̀ tó ń mú un gbóná. Iná náà ń mu bátìrì. Ojú súwìṣì kọ́kọ́rọ́ ni kẹ́ ẹ ti fà á, kí fúùsì wà láàárín, kó má baà máa mu bátìrì nígbà tí ẹ bá ń sùn. Má sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ nígbà tí imú náà wà nínú páìpù láìsí iná lára rẹ̀, èédú á pa á. Tí wẹ́dà bá tún máa fọwọ́ kan páìpù yẹn, yọ orí bátìrì kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Dáínámò oníbàárà kan jóná lọ́wọ́ mi nítorí èyí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá dúró. Kẹ̀kẹ́ mi ló lọ sí i, mo sì fẹsẹ̀ rìn títí mo fi gbọ́n.

Ti géèjì yẹn náà ńkọ́? Mi ò ní kí o jù ú nù. Ó dára. Ìgbà tí ẹ bá tún un ṣe, wàá rí i pé ó mọ ohun tí etí kò lè mọ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Tí géèjì bá wí tirẹ̀, wo púlọ́ọ̀gì, gbóòórùn èéfín, tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, kí o tó tú nǹkan kan. Púlọ́ọ̀gì tó dúdú ń pariwo pé epo pọ̀. Géèjì ní epo kéré. Nígbà tí ẹlẹ́rìí méjì bá ń ta ko ara wọn, a kì í kọ́kọ́ pa màlúù tí wọ́n ń jà lé lórí. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí o fi gbé ilé rẹ pẹ̀lú.

Mo ti dé ibi tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé.

Iná tó bá jáde lórí bátìrì gbọ́dọ̀ padà sílé. Ọ̀nà tó ń gbà padà ni áàsì. Bóòtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlì lẹ́yìn, níbi tí èmi àti ìwọ so áàsì iná ẹ̀yìn mọ́, ó dá mi lójú pé ibẹ̀ náà lẹ so áàsì àpótí kékeré tó bá imú náà wá, èyí tó ń bá géèjì sọ̀rọ̀, mọ́. Ó le, lóòótọ́. Bàbá Kúnlé kò parọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dà ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà tèmi. Mo ní kí ọlọ́dà tú u, kó kun abẹ́ rẹ̀, kí àna mi má baà rí ìpẹtà. Nítorí náà ọ̀nà àbọ̀ há. Iná tó ń mú imú gbóná fẹ́ gbabẹ̀ padà, kò rí àyè, ó ń ti àpótí yẹn sókè bí ẹni tó dúró sórí àga kí wọ́n tó wọn gíga rẹ̀, ohun tó bá sì sọ fún géèjì, ó ti lé díẹ̀. Géèjì á ka èlé yẹn sí afẹ́fẹ́. Tí ẹ bá wá tanná, iná ẹ̀yìn náà á tún fẹ́ gba ojú bóòtù kan náà, èlé á tún pọ̀ sí i. Wo iná ẹ̀yìn yín dáadáa, á máa ṣe bàìbàì.

Yọ bóòtù yẹn. Ègé sáńpépà tí mo fi sínú àpòòwé yìí, fi ha ọ̀dà náà títí irin á fi funfun. Lẹ́yìn ìyẹn, fa áàsì àpótí àti áàsì géèjì lọ sójú kan náà lára ẹ́ńjìnnì gan-an, kí iná ẹ̀yìn dá wà láyè tirẹ̀. Dá jẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ padà sínú kábúrétọ̀. Nu púlọ́ọ̀gì. Ẹ́ńjìnnì kò gbó. Kò sí nǹkan kan tó jẹ inú rẹ̀.

Ó ku bí o ṣe máa ṣe é. Nínú ọkàn mi, mo ti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà: lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àbúrò Kúnlé dúró, onírin àlòkù dúró pẹ̀lú bárò rẹ̀, èmi wọlé, mo ní ẹ sún sẹ́yìn. Ó dùn lọ́kàn mi ju oyin lọ. Ṣùgbọ́n lánàá mo rí ọwọ́ ọkùnrin yẹn tó na sípánà sí ọ. Gbogbo ọdún tí èmi àti ìwọ fi wà lábẹ́ ọkọ̀ yẹn, èmi ni mo ń na ọwọ́, ìwọ lò ń fún mi. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé kí n yí i padà. Ìyẹn dùn mí ju màsì lọ, ó dùn mí ju sẹ́ńsọ̀ lọ, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹni tó bá lè jókòó sórí táyà kó máa na sípánà sí ọmọ mi, mi ò lè dójú tì í níwájú ọmọ mi.

Nítorí náà, má ka ìwé yìí fún un. Má dúró de Sátidé. Lónìí, nírọ̀lẹ́, pè é sídìí ọkọ̀, kí o ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan kan." Sítáàtì ọkọ̀. Tan iná, kí o pa á. Tún un tàn, kí o pa á. Jẹ́ kó wo ọwọ́ géèjì bó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀, kó sì gbọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò yí ohùn padà. Má sọ nǹkan kan. Ó kọ́ṣẹ́, á rí i fúnra rẹ̀. Nígbà tó bá ní ká tú bóòtù yẹn, fi sáńpépà sí i lọ́wọ́. Tó bá dá a padà sí ọ lọ́wọ́ pé ìwọ ni kó ha á, ìwọ ni kó ha á. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Jẹ́ kí ó lọ sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé òun ló rí i, kí wọ́n yéé pe ọkọ̀ rẹ lókùú. Wọ́n ní oko kì í jẹ́ ti baba àti ọmọ kó má ní ààlà. Mo ti dé ibi ààlà, mo sì ti rí i.

Ó nira fún mi láti kọ èyí. Ìyá rẹ rí i tí mo gbé bírò sílẹ̀, ó ní, "Ẹ kọ ọ́ lọ." Mo kọ ọ́.

Tó bá bi ọ́ pé báwo lo ṣe mọ̀ pé kẹ́ ẹ tanná, má sọ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n má sọ pé òun ló kọ́ ọ.

Ọ̀kan péré ni mo ń bẹ̀ ọ́ fún. Lọ́jọ́ kejì, lówùúrọ̀, nígbà tí o bá kọ́kọ́ sítáàtì rẹ̀, tí ó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, pè mí, kí o gbé fóònù sẹ́bàá ẹ́ńjìnnì. Má sọ̀rọ̀. Má ki mí pàápàá. Màá mọ̀ bóyá ó ti dára. Bí Bàbá Kúnlé bá jáde tó bi ọ́ pé ta lò ń pè láàárọ̀ kùtùkùtù, sọ fún un pé géèjì tó ti wà kí tirẹ̀ tó dé ni.

Èmi ni bàbá rẹ,
èyí ti Ìlaròó.